Ilé Ọba Tó Jó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe yìí ni a máa ń fi tu ẹni tí òfò ṣẹ̀ nínú, pé ohun tó sọnù yóò fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa yóò rí i pé òwe ìtùnú nìkan kọ́. Òwe ìṣèlú ni pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ilé tó bá jó ni ẹwà ń bù sí. Ilé ọba ni. Ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. Bí ààfin bá jó láyé àtijọ́, gbogbo ìlú ni yóò dìde: àdúgbò kan yóò po amọ̀, òmíràn yóò gé igi àjà, àwọn mìíràn yóò pa koríko bẹẹrẹ tí a ó fi bo ilé. Kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ béèrè pé ta ló fi iná sílẹ̀ ní ilé ìdáná olorì. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2013, iná jó apá kan ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́, kò sì sí ilé iṣẹ́ ìròyìn ilẹ̀ wa tí kò gbé e. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo oko tó jó ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan náà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, èwo ni ẹnikẹ́ni rántí?

Ọmọ Ìbàràpá ni mí, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná oko kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ lẹ́nu mi. Ìlú méje ni wá: Ìgangan, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè, Igbó-Ọrà, Ẹrúwà àti Lánlátẹ̀. Ayétẹ̀, níbi tí ilé bàbá mi wà, ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá. Iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nínú orúkọ wa gan-an, nítorí àwọn àgbà sọ pé irú ẹ̀gúsí kan, ẹ̀gúsí bàrà, tí àwọn aládùúgbò mọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, ni orúkọ Ìbàràpá ti jáde. Ilẹ̀ wa kì í ṣe igbó kìjikìji, kì í sì í ṣe aṣálẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, tí igi àti koríko jọ ń pín. Nígbà òjò, koríko a ga ju àgbàlagbà lọ. Bí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti òkè wá, koríko kan náà a gbẹ, a di ohun tí ìṣáná kan ṣoṣo tó fún.

Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń tan iná yìí. Ọdẹ a máa dáná sí ìgbẹ́ kí ọ̀yà lè sá jáde. Àgbẹ̀ a máa sun pàǹtí oko rẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Darandaran a máa sun koríko gbígbẹ kí tútù lè hù fún màlúù. Àwọn tí ń sun èédú wà níbẹ̀, ẹlẹ́mu wà níbẹ̀, ẹni tó ju sìgá láti inú ọkọ̀ náà kò gbẹ́yìn. N kò sọ pé gbogbo iná ló burú. Iná tí a bá dá ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìdí koríko ṣì tutù, a máa rọra jó, a sì máa dínà fún iná ńlá tí ìbá tún wá. Èyí tó bá dé nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ tàbí Èrèlè, nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ dé gbòǹgbò, ni kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Àwọn àgbà ní bí oko bá jó, màjàlà ló ń sọ fún ará ilé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí nǹkan dúdú bá ń já bọ́ sórí aṣọ tí a sá sí àgbàlá ni olóko máa ń mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun ti di aláìlóko.

Báyìí ni àbúrò bàbá mi obìnrin ṣe gbọ́ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019. Éékà méjì kajú ni ó ní, ọdún mẹ́sàn-án sì ni ó ti fi tọ́jú rẹ̀. Àwọn igi náà wà nínú òdòdó nígbà náà, oṣù kan péré ló kù kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èso. Iná náà jó abà rẹ̀, ó jó iṣu tí ó tò sínú rẹ̀, ó gba abẹ́ àwọn igi náà kọjá, ó sì lọ sí oko aládùúgbò méjì. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò wo igi kajú lẹ́yìn iná, yóò sọ pé ó ṣì dúró. Ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ ti jóná, omi kò lè gòkè mọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kú títí òjò yóò fi dé. Gbágùúdá inú ilẹ̀ nìkan ló yọ, nítorí pé inú ilẹ̀ ló wà.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba kan, tí n kò ní dárúkọ, wá kọ orúkọ àwọn tí àjálù bá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó níwà jókòó síwájú ìyá wa, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ní:

“Ẹ kú ewu iná, Mà. Yàrá mélòó ló jó?”

“Kò sí yàrá tó jó, ọmọ mi. Oko ló jó.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yẹ ìwé rẹ̀ síwá, ó yẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ibi tí a ń kọ iye yàrá sí wà níbẹ̀, ibi tí a ń kọ iye òrùlé sí wà níbẹ̀, ti ẹni tó farapa pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ti igi kajú kò sí. Àánú ìyá wa ṣe é, ó sì kọ abà náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí yàrá kan. Ní oṣù kejì lẹ́yìn èyí, ẹrù dé: ibùsùn fóòmù kan, korobá kan, àti ìrẹsì ìdajì àpò. Ìyá wa dúpẹ́, nítorí ọmọlúwàbí ni. Ó fi fóòmù náà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí ilé ìwé ní Ẹrúwà, wọ́n sì jẹ ìrẹsì náà tán kí oṣù tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn ni a gbọ́ pé àwọn kan ní wọ́ọ̀dù wa, tí ewé kan kò jó lóko wọn, gba fóòmù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí pé ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ni wọ́n ti kọ orúkọ tiwọn.

Ìjà kò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ ní òde ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà, ní kò yẹ kí ìjọba fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ó ní, “Òjò kọ́ ló rọ̀ ọ́. Ènìyàn ló dá a. Bí ìjọba bá ń san owó iná, ta ni yóò tún máa ro etí oko rẹ̀?” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú, rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹni tó bá wọn dáko ni wọ́n ń bá jẹ iṣu. Àdúgbò yìí kò dìbò fún wọn.” Nígbà náà ni ìyá wa, tí kò tíì sọ̀rọ̀, wí tirẹ̀: “Nígbà tí wọ́n ń gba owó lórí àpò kajú mi lọ́jà, kò sí ẹni tó bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni mo wà.”

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà, n kò sì tíì rí ọ̀kan tó sọ ju ohun tí àwọn mẹ́ta yìí sọ lọ. Ta ló jẹ̀bi? Ta ló jẹ́ tiwa? Kí ni a jẹ ara wa ní gbèsè rẹ̀? Gbogbo ìjọba ayé ni ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dà láàmú.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti Bàbá Tíṣà ṣáájú, nítorí ó le, ó sì ti pẹ́ nínú àṣà wa. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, sọ bí ó ti ń rí láyé àtijọ́ bí àrá bá sán lu ilé kan. Aráalé kò rí ẹni ba kẹ́dùn. Àwọn oníṣàngó ni yóò ya wọ ibẹ̀, wọn yóò kó ẹrù, wọn yóò sì bu ètùtù lé onílé lórí, nítorí pé ọba kò ní ṣàdédé bínú. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó ni ó tún ń san owó! A lè fi èyí rẹ́rìn-ín lónìí, ṣùgbọ́n èrò inú rẹ̀ kò tíì kú. Nígbà tí iná ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Los Angeles ní ọjọ́ 7 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, tí ó jó ilé tó lé ní 16,000, òṣù náà kò tíì parí tí àwọn alágbára ní Washington fi ń sọ pé kò yẹ kí ìrànwọ́ lọ láìsí àdéhùn, nítorí pé àwọn aláṣẹ Kalifọ́níà kò tọ́jú omi àti igbó wọn bó ti yẹ. Ààrẹ Trump fúnra rẹ̀ ní òfin ìdìbò ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yí padà. Gómìnà Newsom béèrè bílíọ̀nù 40 dọ́là, oṣù sì ń gorí oṣù lórí ìbéèrè náà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe jọra: a kọ́kọ́ wádìí ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí iná jó kí a tó bu omi fún un.

N kò sọ pé kò sí òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà. Àìbìkítà wà, ìyà sì tọ́ sí i. Ní ilẹ̀ Ghana, lẹ́yìn ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ ọdún 1983 tó jó oko kòkó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin lórí iná ìgbẹ́, wọ́n sì ṣe òmíràn tó rọ́pò rẹ̀ ní 1990. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó dáná àti ẹni tí iná jó kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Ìyá wa ti ro etí oko rẹ̀ yíká nínú oṣù Bélú. Iná náà fò ó kọjá nítorí pé afẹ́fẹ́ gbé e. Ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fi àbọ̀ bá adìẹ.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó tijú jù, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù. Ní 2012, nígbà tí omíyalé ba ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jẹ́, ìjọba àpapọ̀ kéde bílíọ̀nù 17.6 náírà fún ìrànwọ́, ìjiyàn lórí ẹni tó rí i àti ẹni tí kò rí i sì pẹ́ ju omi náà lọ. Nítòsí wa níbí, ohun abúgbàù dún ní Bódìjà n’Ìbàdàn ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, ẹ̀mí lọ, ilé wó. Ní 2025, owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ránṣẹ́ nítorí rẹ̀ ti di ohun tí àwọn olóṣèlú fi ń na ara wọn nínú ìwé ìròyìn: mélòó ló dé, níbo ló wà, ta ni a fún? Mo ṣàkíyèsí pé orúkọ àwọn olóṣèlú ni a ń gbọ́ nínú ìjiyàn náà. Ohùn àwọn tí ògiri wó lù kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ni ó ń jìyà. Ti Bódìjà yìí yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé orí koríko gan-an ni wọ́n ń jà lé, síbẹ̀ wọn kò wo ẹsẹ̀ wọn.

Àjálù tó pariwo ni ojú ìjọba máa ń tó. Ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Òkúdù 2021, àwọn apànìyàn kọlu Ìgangan, wọ́n pa ènìyàn tó lé ní mẹ́wàá, wọ́n sì sun ààfin. Gómìnà wá, ìròyìn tàn kálẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fi òfò ẹ̀mí wé òfò igi. Ṣùgbọ́n iná oko tí kò pa ẹnikẹ́ni, tí ó kàn ń sọ àgbẹ̀ méjì di aláìní lọ́dún yìí àti mẹ́rin ní ẹ̀ẹ̀mìíràn, kò ní ariwo. Màjàlà rẹ̀ kì í dé Ìbàdàn, ká má tilẹ̀ sọ Àbújá.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ ìyá wa ni ó jinlẹ̀ jù. Òun nìkan ni kò pe ìrànwọ́ ní àánú. Nínú èdè wa, ìtọrẹ yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí gbèsè. Ẹni tí a ta lọ́rẹ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀. Ẹni tí a san gbèsè fún lè jókòó kà á. Àwọn baba wa mọ ìyàtọ̀ yìí nígbà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, nígbà tí àgbẹ̀ dìde pé ìjọba tó ń gba owó orí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àlejò lójú ọ̀nà oko. Ìjọba náà sì ti gba gbèsè yìí lórí ìwé. Ọ̀dá tó mú apá òkè ilẹ̀ wa ní 1972 sí 1973 ló ṣe okùnfà àjọ ìrànwọ́ pàjáwìrì tí a dá sílẹ̀ ní 1976. Àjọ NEMA ni ó rọ́pò rẹ̀ ní 1999, a sì ya apá kan owó àpapọ̀ sọ́tọ̀ láti 1981 fún ìbàjẹ́ ilẹ̀ àti àyíká. Ẹ má gbàgbé pé òfò àgbẹ̀ ni ó bí gbogbo ètò yìí. Báwo ni ó ṣe wá di pé ìwé tí a ń fi kọ òfò sílẹ̀ kò mọ igi, tí ó jẹ́ yàrá nìkan ló mọ̀?

Àwọn kan yóò sọ pé kí a padà sí àṣà wa, kí a fi ìjọba sílẹ̀. Mo fẹ́ràn àṣà wa, ìwé yìí látòkè délẹ̀ ni ẹ̀rí mi. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a di ẹrù tí àṣà kò lè gbé lé e lórí. Ọ̀wẹ̀ àti àáró jẹ́ ohun ìyanu: ogún ènìyàn yóò bá ọ kọ abà láàárín ọjọ́ kan. Èsúsú yóò fún ọ lówó nígbà tó bá kàn ọ́. Àìsàn, òkú, ìgbéyàwó, ohun tó bá ń kan ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan, ni àwọn ètò wọ̀nyí wà fún. Iná kì í kan ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oko ẹni tí ìbá wá bá ìyá wa ṣe ọ̀wẹ̀ ni iná náà lọ jó tẹ̀lé tirẹ̀. Ọdún kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fẹ́ kó èsúsú. Níbi tí gbogbo ọwọ́ tí ń ràn ni lọ́wọ́ ti jọ jóná ní ọ̀sán kan, ọwọ́ tó wà lókèèrè, tí iná náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni a nílò. Ohun tí ìjọba ń jẹ́ gan-an nìyẹn.

Ètò adójútòfò náà wà. Láti 1987 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ti àgbẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì gbà láti máa san ìdajì owó náà mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Mo bi àgbẹ̀ mẹ́jọ ní Ayétẹ̀ bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́, nítorí pé ó yá owó ní báńkì rí. Ètò tí àgbẹ̀ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí dà bí kànga tí a gbẹ́ sí ìlú kejì.

Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni kí a ṣe, n kò ní òògùn ńlá. Kí a kọ òfò sílẹ̀ bí ó ti rí: igi mélòó, ọdún mélòó, oko ta ni. Kí a ka orúkọ àwọn tó gba ìrànwọ́ sókè ní gbangba ọjà, lójú aládùúgbò tó mọ oko tó jó àti èyí tí kò jó; ẹni tó gba fóòmù mẹ́ta kò ní lè dúró gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Kí ọdẹ, àgbẹ̀ àti darandaran jókòó níwájú àwọn ọba wa nínú oṣù Bélú, kí wọ́n fi ẹnu kò sí ọjọ́ tí a lè dáná àti ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ dá a, kí ìyà sì wà fún ẹni tó bá rú u. Èyí ni ìdáhùn tó tọ́ sí ọ̀rọ̀ Bàbá Tíṣà. Dípò fóòmù, kí a fún ẹni tí kajú rẹ̀ jó ní ọmọ kajú, pẹ̀lú oúnjẹ tí yóò gbé e dé ìgbà tí gbágùúdá yóò fi tó wú. Ọdún mẹ́ta ó kéré tán ni kajú tuntun yóò lò kí ó tó so èso àkọ́kọ́. Gbogbo oṣù tí a bá fi jiyàn ń gorí ọdún mẹ́ta yẹn.

Kí àwọn olóṣèlú jiyàn, iṣẹ́ wọn ni, ìjọba tí a kò lè bi léèrè owó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kí wọ́n mọ̀ pé oko ní àsìkò. Ọmọ kajú tó bá dé nínú oṣù Èbìbí yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Èyí tó bá dé nínú oṣù Ọ̀wàrà, iná ọdún tó ń bọ̀ ni a gbìn ín fún. Òjò kì í dúró de ìpàdé.